Kí ni wọ́n ń ṣe lórí òkè yẹn gan-an? Iṣẹ́ àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ lórí Mount Washington

Ẹni tó bá ń wo YouTube dáadáa á ti rí irú fídíò yìí rí. Ẹnì kan wọ aṣọ òtútù láti orí dé ẹsẹ̀, ó fẹ́ rìn yí pèpéle ńlá kan ká lórí òkè, àmọ́ afẹ́fẹ́ kò gbà fún un. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, afẹ́fẹ́ dá a padà ní ẹsẹ̀ méjì. Kò pẹ́, ó ti ṣubú yakata, afẹ́fẹ́ sì ń wọ́ ọ nílẹ̀ lọ. Orí Mount Washington, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn fídíò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣubú yẹn kì í ṣe àlejò tó ṣìnà o. Òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn.

Ohun tó ń rú àwọn èèyàn lójú nìyẹn. Sátẹ́láìtì ń yí ayé ká tọ̀sán-tòru, ó ń ya àwòrán àwọsánmà. Ẹ̀rọ wà tó ń wọn afẹ́fẹ́ àti òtútù fúnra rẹ̀, tó sì ń fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kí wá ni ọmọ èèyàn ń wá lórí òkè tí òtútù ibẹ̀ lè ṣekú pa á? Àwọn kan á ní owó ìjọba ni wọ́n ń fi ṣòfò. Àwọn mìíràn rò pé ńṣe ni wọ́n jókòó síbẹ̀ láti máa sọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀. Ti owó ìjọba yẹn, kò rí bẹ́ẹ̀: àjọ aládàáni tí kì í wá èrè ló ni ibùdó náà, Mount Washington Observatory lorúkọ rẹ̀, owó ọmọ ẹgbẹ́ àti ìtọrẹ àwọn èèyàn sì wà lára ohun tó ń gbé e ró. Ti sísọ ọjọ́ tí òjò máa rọ̀, a máa dé orí ìyẹn. Àmọ́ ohun tó gbé èèyàn dúró níbẹ̀ ní pàtàkì ni pé ẹ̀rọ máa ń purọ́ lórí òkè yẹn. Yìnyín ló ń mú un purọ́, èèyàn ló sì ń mú un padà sórí òótọ́.

Òkè tí kò ga tó bí òkìkí rẹ̀

Gíga Mount Washington jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6,288, ìyẹn mítà 1,917. Òun ló ga jù ní gbogbo apá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, síbẹ̀ kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kilimanjaro tó fi ìlọ́po mẹ́ta ga jù ú lọ. Chappal Waddi tiwa ní ìpínlẹ̀ Tàrábà gan-an ga ju ú lọ, kò sì sẹ́ni tó ń ya fídíò ẹni tí afẹ́fẹ́ ń wọ́ nílẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe gíga nìkan ló ń ba ojú ọjọ́ jẹ́. Ibi tí òkè bá dúró sí ló ṣe kókó.

Ojú ọ̀nà ìjì ni Mount Washington dúró sí. Ìjì tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn, láti apá àwọn adágún ńlá, ibẹ̀ ló ń gbà kọjá. Èyí tó ń bọ̀ láti gúúsù lẹ́bàá òkun Àtìláńtíìkì ń gba ìtòsí rẹ̀, òtútù tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti Kánádà kì í yà á sílẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn òkè tó tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀ dábùú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀, kò sì sí òkè mìíràn tó ga tó wọn nítòsí tí ì bá ti kọ́kọ́ fa agbára afẹ́fẹ́ náà sẹ́yìn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dé ẹsẹ̀ òkè, kò rí ibi gbà àfi kó gòkè. Bó ṣe ń gòkè ni àyè ń há mọ́ ọn láàárín òkè àti ìpele afẹ́fẹ́ tó wà lókè rẹ̀, àyè tó há yìí ló sì ń mú kó sáré sí i. Orí òkè gan-an ló ti máa ń sáré jù.

Ìdí nìyí tí eré tí afẹ́fẹ́ ń sá níbẹ̀ fi ń súnmọ́ kìlómítà 56 ní wákàtí kan, tí a bá da gbogbo ọdún pọ̀ tí a pín in dọ́gba. Ní nǹkan bíi 110 ọjọ́ lọ́dọọdún, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń dé kìlómítà 120 ní wákàtí kan tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn agbára tí wọ́n fi ń mọ ìjì líle tó ń wó ilé. Òjò dídì tó ń bọ́ síbẹ̀ lọ́dún máa ń tó mítà méje. Kùrukùru bo orí òkè náà ju ìdajì àkókò lọ. Ooru tó mú jù tí wọ́n tíì rí níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ jẹ́ digirí Celsius 22. Ẹ rántí pé digirí 22 yẹn ni ará Èkó máa ń pè ní òtútù, tí yóò sì wá súwẹ́tà kiri.

Òkè tó súnmọ́ oòrùn, kí ló dé tó fi tutù?

Ọmọdé máa ń béèrè ìbéèrè yìí, àgbà á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Tí oòrùn bá wà lókè, tí èèyàn sì gun òkè lọ bá a, ṣé kò yẹ kí ara rẹ̀ túbọ̀ máa gbóná ni? Lákọ̀ọ́kọ́, mítà 1,917 kò jámọ́ nǹkan kan nínú mílíọ̀nù 150 kìlómítà tó wà láàárín wa àti oòrùn. Ìkejì ló ṣe pàtàkì jù: ìtànṣán oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú afẹ́fẹ́ gbóná ní tààrà. Ilẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbóná, ilẹ̀ ló wá ń mú afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀ gbóná. Bí afẹ́fẹ́ yẹn bá ń gòkè, ìwúwo afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń dín kù, òun náà á máa fẹ̀, fífẹ̀ yẹn ló sì ń jẹ ooru inú rẹ̀. Tí a bá gun òkè ní ẹgbẹ̀rún mítà kan, a ó pàdánù nǹkan bíi digirí Celsius mẹ́fà àbọ̀.

Ọ̀rọ̀ òtútù yìí ní ibòmíràn tó ti ń da àwọn èèyàn láàmú. Ní òru ọjọ́ 3 mọ́jú ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2023, ìròyìn gba gbogbo ayé kan pé òtútù Mount Washington ti dé digirí Celsius 78 sí ìsàlẹ̀ òdo. Ọ̀pọ̀ gbà pé iye tí tẹmọ́mítà kà nìyẹn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹmọ́mítà ka nǹkan bíi 44 sí ìsàlẹ̀ òdo, èyí tó bá àkọsílẹ̀ tó tutù jù níbẹ̀ dọ́gba, ìyẹn ti oṣù Kìíní ọdún 1934. 78 yẹn ni bí òtútù náà ṣe máa rí lára èèyàn tí kò bo awọ ara rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ kíkankíkan lóru ọjọ́ náà, ìgbà kan wà tó dé kìlómítà 204 ní wákàtí kan.

Ẹni tó bá ti fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí ẹ̀kọ gbígbóná rí ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ooru ara wa máa ń dúró bí ìbora fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára awọ, afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ kọjá á sì gbé ìbora yẹn lọ, ara á tún pèsè òmíràn, afẹ́fẹ́ á tún gbé e lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le tó ni ara ṣe ń tètè tutù tó. Àmọ́ ẹ̀kọ kò lè tutù ju yàrá tó wà nínú rẹ̀ lọ, bó ti wù kí èèyàn fẹ́ ẹ pẹ́ tó. Bákan náà, irin tí wọ́n gbé síta lóru ọjọ́ yẹn kò tutù ju 44 sí ìsàlẹ̀ òdo lọ. Àwa tí ara wa ń pèsè ooru ni iye kejì wúlò fún, torí ó ń sọ bí ìka ọwọ́ ẹni ṣe máa yá kú sí. Ní irú òru bẹ́ẹ̀, awọ tó ṣí sílẹ̀ lè dì láàárín ìṣẹ́jú kan.

Wákàtí kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru

Ó tó àkókò ká wọ inú iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ikọ̀ méjì ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Ikọ̀ kan á gòkè ní ọjọ́ Ọjọ́rú, á wà níbẹ̀ títí di Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ikọ̀ kejì á wá rọ́pò rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, mọ́tò lásán ń gun ojú ọ̀nà tó lọ sórí òkè náà, ọ̀nà tí wọ́n ti ṣí láti ọdún 1861. Nígbà òtútù, òjò dídì ti sin ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ tí kò ní táyà ni wọ́n ń wọ̀, èyí tó ń fi ẹ̀wọ̀n irin gbooro rìn bíi katapílà, tí abẹ irin ńlá sì wà níwájú rẹ̀ tó fi ń la ọ̀nà. Bí ojú ọjọ́ bá burú jù, Ọjọ́rú á di Ọjọ́bọ̀, ikọ̀ tó ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ á tún da ẹrù sílẹ̀.

Wákàtí kọ̀ọ̀kan ni òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ jáde síta, ọ̀sán ni o, òru ni o. Ẹnì kan wà tó jẹ́ pé òru ni tirẹ̀: á gba iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, á fi í sílẹ̀ láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun nìkan á sì wà lójúfò nígbà tí àwọn yòókù bá ń sùn. Kí wákàtí tó kọ lù ni á ti máa wọ bàtà, aṣọ, ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, nítorí kò gbọ́dọ̀ sí awọ kankan tó ṣí sílẹ̀. Á ti ilẹ̀kùn, á bọ́ síta.

Ohun tó mú dání kéré gan-an. Tẹmọ́mítà méjì ni wọ́n so pọ̀ mọ́ pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní ọwọ́. Wọ́n fi aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n rẹ sínú omi wé ìsàlẹ̀ ọ̀kan, wọ́n fi ìkejì sílẹ̀ gbígbẹ. Á dojú kọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, kí ooru ara tirẹ̀ má bàa kó bá tẹmọ́mítà, á wá máa fi ọwọ́ jù ú yíká yíká títí èyí tó lómi kò fi ní lọ sílẹ̀ mọ́. Èyí tó gbẹ ló ń sọ bí òtútù ṣe tó. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi ara aṣọ yẹn á máa fẹ́ lọ, tẹmọ́mítà rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ jìnnà sí ìkejì. Tí kùrukùru bá bo ibẹ̀, àwọn méjèèjì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ni wọ́n fi ń mọ bí omi inú afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó. Irinṣẹ́ ayé àtijọ́ ni, kò ní bátìrì, kò ní wáyà, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí àwọn tó ní bátìrì bá ti dákẹ́.

Lẹ́yìn èyí, á wo bí ojú ṣe lè ríran jìnnà tó. Wọ́n mọ bí àwọn òkè àyíká ṣe jìnnà sí wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí èyí tó wà lọ́hùn-ún bá hàn, tí èyí tó tẹ̀ lé e kò hàn, wọ́n ti mọ iye tí wọ́n máa kọ. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́ kedere, ìran lè dé òkè Marcy ní ìpínlẹ̀ New York, tó jìnnà tó máìlì 130. Lọ́jọ́ kùrukùru, òṣìṣẹ́ lè má rí ìbọ̀wọ́ ara rẹ̀. Á wo irú àwọsánmà tó wà lókè, àti èyí tó wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú, torí ibẹ̀ wà lára ibi díẹ̀ tí èèyàn ti lè dúró lórí ilẹ̀ kó máa wo ẹ̀yìn àwọsánmà.

Ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà, wọ́n á lọ gbé agolo irin ńlá tó ń gba òjò àti òjò dídì, wọ́n á fi òfìfo sípò rẹ̀. Inú ilé ni wọ́n ti ń yọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òjò dídì kì í fẹ́ bọ́ sínú agolo níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e sáré lọ ní ìbú. Nítorí náà, mítà méje tí mo kọ sókè yẹn, iye tí wọ́n rí mú ni. Èyí tó sá lọ kò sí nínú rẹ̀.

Gbogbo iye wọ̀nyí ni wọ́n ń tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní àmì kúkúrú tí gbogbo ibùdó ojú ọjọ́ àgbáyé mọ̀, irú èyí tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń kà. Wọ́n á fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, láti ibẹ̀ ni á ti wọ inú àwọn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń ṣe ìṣirò ojú ọjọ́ kárí ayé.

Yìnyín tó ń hù lòdì sí afẹ́fẹ́

Irọ́ ẹ̀rọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló kàn. Kùrukùru jẹ́ ẹ̀kán omi wínníwínní. Ọ̀pọ̀ gbà pé omi gbọ́dọ̀ dì tó bá ti tutù ju òdo lọ, àmọ́ ẹ̀kán tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè wà ní omi síbẹ̀ nígbà tí òtútù ti lọ jìnnà sí ìsàlẹ̀ òdo, torí kò tíì rí ohun tó máa dì mọ́. Tó bá ti kan nǹkan báyìí, okùn ni, irin ni, irun ojú èèyàn ni, á dì lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀kán mìíràn á kan èyí tó ti dì, òun náà á dì. Báyìí ni yìnyín funfun kan tí wọ́n ń pè ní rime ṣe ń hù jáde lára gbogbo nǹkan tó wà lórí òkè náà, tó ń ya bí ìyẹ́ ẹyẹ. Àlejò á rò pé ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ ló yẹ kó na orí sí. Ó tì o. Ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ló ń hù sí, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kán omi ti ń dé.

Ẹ wá ro ohun tí èyí máa ṣe fún ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́. Èyí tí a mọ̀ jù, tó ní ife kéékèèké mẹ́ta tó ń yí, yìnyín á kọ́kọ́ mú kó wúwo, á máa yí lọ́ra, á ní afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ní àádóje. Lẹ́yìn náà á dúró gbagidi, á ní kò sí afẹ́fẹ́ rárá. Kọ̀ǹpútà tó wà ní ọ̀nà jíjìn kò ní mọ̀ pé irọ́ ni. Á gba òdo yẹn wọlé, á sì fi ṣe ìṣirò.

Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lo irú ọ̀pá oníhò tó máa ń wà lára ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á ti ara rẹ̀ wọ ihò iwájú, àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ á sì máa gba afẹ́fẹ́ tí kò sáré, ìyàtọ̀ agbára méjèèjì ló ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe yára tó. Wọ́n fi iná mànàmáná mú ọ̀pá náà gbóná kí yìnyín má bàa dì mọ́ ọn. Pèpà róbótó kan sì wà nínú ilé tí kálàmù ń ya ìlà sí lórí bí afẹ́fẹ́ ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ lójoojúmọ́.

Iná yẹn náà kì í tó. Òpó tí ọ̀pá náà dúró lé kò gbóná, yìnyín á hù lára òpó títí yóò fi di ògiri tó ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ìgbà yẹn ni òṣìṣẹ́ máa gun àkàbà inú ilé-ìṣọ́ lọ sókè pátápátá, á gbé ọ̀pá irin wíwúwo dání, á ti ìlẹ̀kùn orí rẹ̀ sókè, á sì bọ́ sáàárín afẹ́fẹ́. Kì í lu ẹ̀rọ. Òpó ló ń lù, kí ó lè gbọ̀n, kí yìnyín sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Ó sì ní láti mọ ibi tó máa dúró sí, torí yìnyín tó bá já ojú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa gbé e lù. Bí kùrukùru bá nípọn, iṣẹ́ wákàtí-wákàtí ni, nígbà mìíràn kò ní tó wákàtí kí wọ́n tó tún padà síbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá tún bi mí léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe lórí òkè, ọ̀pá irin yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọjọ́ tó sọ wọ́n di olókìkí

Ọmọ ogun Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ ní ibùdó ojú ọjọ́ níbẹ̀ láti ọdún 1870 títí di 1892. Èyí tó wà báyìí bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1932 nígbà tí Bob Monahan, Sal Pagliuca, Alex McKenzie àti Joe Dodge rí 400 dọ́là gbà fún ìwádìí, tí wọ́n fi í gbéra. Ilé pákó tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin dè mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbé nígbà yẹn, kí afẹ́fẹ́ má bàa gbé e.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin ọdún 1934, Pagliuca, McKenzie àti Wendell Stephenson ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Nídàájí, Stephenson rí i pé iye tí ẹ̀rọ ń kà kò bá ariwo afẹ́fẹ́ tó ń gbọ́ mu. Ó fura sí yìnyín. Ó mú kùmọ̀ igi, ó jáde, afẹ́fẹ́ dá a dùbúlẹ̀, ó dìde, ó gun àkàbà lọ sórí òrùlé, ó sì lu yìnyín náà kúrò. Nígbà tó padà wọlé, ẹ̀rọ ti ń ka iye tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ní nǹkan bí aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, wọ́n fi aago ìdíwọ̀n eré ka bí ẹ̀rọ ṣe ń dún, wọ́n sì rí máìlì 231 ní wákàtí kan, ìyẹn kìlómítà 372. Wọ́n yẹ ẹ̀rọ náà wò lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé iye náà dúró.

Fún ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ó lé ni iye yẹn fi jẹ́ èyí tó ga jù tí wọ́n tíì wọ̀n lórí ilẹ̀. Erékùṣù Barrow ní Ọsirélíà ló gbà á ní ọdún 1996, nígbà tí ìjì Olivia fẹ́ níbẹ̀ ní máìlì 253 ní wákàtí kan. Ọdún 2010 ni àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé tó fọwọ́ sí i. Ẹ̀rọ tí èèyàn kankan kò wà nídìí rẹ̀ ló wọn ti Barrow. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn pé èèyàn kò wúlò á di èyí mú. Àmọ́ ilẹ̀ olóoru ni Barrow, yìnyín kì í hù lára ẹ̀rọ níbẹ̀. Ká ní Stephenson kò gbé kùmọ̀ jáde láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó ṣeé ṣe kí ìwé àkọsílẹ̀ sọ pé afẹ́fẹ́ kan báyìí ṣáà fẹ́ lórí òkè kan.

Oúnjẹ, oorun, ológbò

Ilé tí wọ́n ń lò báyìí, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1980, nípọn, kò nílò ẹ̀wọ̀n. Yàrá ìsùn àti ilé ìdáná wà nísàlẹ̀, ọ́fíìsì wà lókè, ilé-ìṣọ́ sì yọ rí jáde. Nígbà òtútù, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni máa ń bá ikọ̀ gòkè fún ọ̀sẹ̀ kan: àwọn ni wọ́n ń se oúnjẹ alẹ́, tí wọ́n ń gbálẹ̀, tí wọ́n sì ń ran ikọ̀ lọ́wọ́ láti fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ má fi ojú kékeré wo oúnjẹ alẹ́ yẹn. Òun nìkan ni ẹni tó ń lọ sùn àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí fún iṣẹ́ òru fi ń rí ara wọn.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ológbò ti ń gbé níbẹ̀. Ní 2008, ìbò ni wọ́n fi yan èyí tó ń jẹ́ Marty, ó borí àwọn ológbò tó bá a díje. Nimbus ló gba ipò rẹ̀ ní 2021. Ní ti fídíò tí mo fi bẹ̀rẹ̀, àṣà wọn ni: ẹni tó bá lè rìn yí pèpéle náà ká nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ti tó ọgọ́rùn-ún máìlì ní wákàtí kan, láì ṣubú, láì di nǹkan kan mú, á wọ ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Century Club. Ọ̀pọ̀ ló ń gbìyànjú, díẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́.

Ṣé àwọn ni wọ́n ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí?

Iṣẹ́ méjì tó yàtọ̀ síra ni, ẹnì kan náà lè máa ṣe méjèèjì. Kíkọ ohun tó wà nílẹ̀ báyìí sílẹ̀ ni ìkíní, ibẹ̀ kò gba àbá rárá. Ìkejì ni sísọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ lọ́la, èyí tí wọ́n ń fi iye ìkíní ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará ibùdó yìí máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ jáde lójoojúmọ́ fún orí àwọn òkè àgbègbè náà, Higher Summits Forecast lorúkọ rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gun òkè kò gbọ́dọ̀ kúrò nílé láì kà á. Ó lé ní 150 èèyàn tó ti kú sórí òkè náà àti agbègbè rẹ̀ láti ọdún 1849. Àwọn kan já bọ́, òkìtì òjò dídì tó ya ló sin àwọn mìíràn, òtútù ló sì pa ọ̀pọ̀, títí kan àwọn tó gbéra nílé nígbà tí oòrùn ń ràn. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Boston àti agbègbè rẹ̀, ìrìn ọkọ̀ nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ni sí ẹsẹ̀ òkè yẹn. Nínú oṣù Keje pàápàá, ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn dání. Ooru tí ẹ fi sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ kò ní bá yín gòkè.

Ṣé ẹ̀rọ ò lè gba iṣẹ́ náà?

Ibì kan wà tó ti gbà á. Èèyàn gbé ní ibùdó ojú ọjọ́ orí òkè Fuji ní Japan láti ọdún 1932, ọdún kan náà pẹ̀lú Mount Washington, títí di 2004, kí wọ́n tó fi í sílẹ̀ fún ẹ̀rọ. Sátẹ́láìtì àti rédà ti ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń wá lọ síbẹ̀. Lára Mount Washington fúnra rẹ̀, wọ́n ti to àwọn ẹ̀rọ tó ń dá ṣiṣẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. N kò sì rò pé ó burú. Àmọ́ òkè ni sátẹ́láìtì wà tó ń wo ìsàlẹ̀. Ó mọ ẹ̀yìn àwọsánmà ju inú rẹ̀ lọ, kò sì lè kan òpó kí yìnyín já bọ́.

Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ṣe ìṣirò owó kì í fẹ́ gbọ́. Àkọsílẹ̀ tó wúlò jù nípa bí ayé ṣe ń gbóná sí i ni èyí tó gùn, tí wọ́n sì fi ọ̀nà kan náà kọ. Tí a bá yí irinṣẹ́ padà, a kò ní mọ̀ bóyá ojú ọjọ́ ló yí tàbí irinṣẹ́ ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣì ń fi ọwọ́ ju tẹmọ́mítà yíká ní sáà tí fóònù ń dá sọ̀rọ̀.

Ẹ wo Ben Nevis ní Scotland, òkè tó ga jù ní gbogbo Britain. Ní ọdún 1881, Clement Wragge ń gun òkè yẹn lójoojúmọ́ láti oṣù Kẹfà títí wọ oṣù Kẹwàá láti lọ ka tẹmọ́mítà, tí ìyàwó rẹ̀ sì ń ka tirẹ̀ nísàlẹ̀ ní Fort William ní wákàtí kan náà, kí wọ́n lè fi méjèèjì wéra. Iṣẹ́ wọn ló jẹ́ kí wọ́n kọ́ ibùdó sórí rẹ̀ ní 1883, èèyàn sì ń ka ojú ọjọ́ níbẹ̀ ní wákàtí-wákàtí fún ọdún mọ́kànlélógún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ C.T.R. Wilson lọ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ní 1894, ó rí bí oòrùn ṣe ń ya òbìrí aláwọ̀ mèremère yí òjìji ká lórí kùrukùru, ó padà sílé láti gbìyànjú kí ó dá irú kùrukùru bẹ́ẹ̀ nínú ìgò. Ohun tó ṣe yẹn di ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rí ipa ọ̀nà àwọn nǹkan tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1927.

Ní 1904, owó tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwọn ìwé ńlá tí wọ́n kọ iye sí wà lórí pẹpẹ títí di 2017, nígbà tí Ed Hawkins ní yunifásítì Reading ké sí gbogbo ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà nílé pé kí wọ́n wá bá òun tẹ̀ ẹ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn dáhùn, wọ́n tẹ ohun tó lé ní mílíọ̀nù kan iye wọlé, àwọn onímọ̀ sì ń lo iye náà báyìí láti fi ṣe ìwádìí lórí àwọn ìjì ayé ìgbà yẹn.